Ta Ló Gbé Pẹpẹ Sókè?

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lọ́kàn. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú BRT ní gáréèjì Ìkòròdú lálẹ́, tí mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń lọ sí Ìgbógbó, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́ ni mo máa ń rò. Ilẹ̀ pálọ̀ mi ni. Mo ti mọ bó ṣe máa rí kí n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn: mọ́tò tí kò ní táyà, bèbí tí apá rẹ̀ ti yọ, búlọ́ọ̀kù oníke káàkiri bí ìgbà tí èèyàn fọ́n àgbàdo fún adìyẹ, ìdérí ìkòkò mi kan láàárín wọn. Bí wọ́n bá sì ti mú iná lọ, ẹsẹ̀ mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Àwọn tó ni ẹrù náà ni Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Ìdòwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Mo ti bínú, mo ti bẹ̀bẹ̀, mo ti fi ṣúìtì tàn wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo dùbúlẹ̀, òwe tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà kò jẹ́ kí n sùn: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo bi ara mi léèrè bóyá èmi ni mi ò kọ́ wọn. Aago márùn-ún ìdájí ni mò ń kúrò nílé, ó sì máa ń lé ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí n tó wọlé. Wákàtí tí mo ní pẹ̀lú wọn kò pọ̀, igbe “Ẹ kó o!” ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Báfù ńlá

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. Mo ra báfù ńlá kan tó ní ìdérí ní Sábó, mo da gbogbo ohun ìṣeré sínú rẹ̀, mo tì í sẹ́yìn àga. Èyí tí kò gba inú báfù, mo rọ ọ́ sínú àpò Ghana-must-go, mo gbé e sórí wọ́ọ̀dùróòbù. Ilé dára. Mo jókòó, mo wò ó, ara tù mí.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n yí báfù náà dà. Mo kó o padà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún yí i dà, ó sì burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí nǹkan wà nílẹ̀ káàkiri, wọ́n ṣì ń rí èyí tí wọ́n fẹ́ mú. Ní báyìí, gbogbo ẹrù ni wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fọwọ́ tú u tú u, wọ́n á sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, eré kankan ò sì ní pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní agídí ni. Mo ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Mo fi okùn so ìdérí báfù náà. Táyé tú okùn.

“Kí lò ń wá?”

Ọjọ́ Sátidé kan ni, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ìyá mi dé láti Sábó pẹ̀lú ẹ̀wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ó ti lé ní 30 ọdún tí wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Màmá Sábó ni àwọn ọmọ mi ń pè wọ́n. Orí ariwo ni wọ́n bá mi. Báfù ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìdòwú ti wọ inú rẹ̀ lọ, Kẹ́hìndé ń sunkún torí mo ti jágbe mọ́ ọn, Táyé sì dúró láàárín ẹrù tó fọ́n sílẹ̀, kò wojú mi.

Mo rò pé ìyá mi máa bá mi bá wọn wí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé.

“Ọkọ mi, kí lò ń wá?”

Ọmọ náà wò wọ́n, ó wò mí. “Táyà mọ́tò mi ni, Màmá. Ẹyọ kan ló kù.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pariwo, n kò bi ọ̀kankan nínú wọn léèrè ohun tó ń wá. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé wọ́n ń wá nǹkan. Ohun tí mò ń pè ní rúdurùdu, wíwá ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Táyà kan tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ lọ wà nísàlẹ̀ báfù tó jìn dé èjìká rẹ̀, mọ́tò, bèbí, bọ́ọ̀lù àti ìlù sì wà lórí rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ju kó yí i dà lọ?

Ìyá mi ò tíì dìde. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, bó o bá wá ra ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi, tó o wá rí i pé mo ti da olóyin mọ́ funfun, mo da ìrẹsì mọ́ gàrí, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, mo sì ti so ẹnu àpò náà pa, kí lo máa ṣe?”

“Màá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, Mààmi.”

“Àwọn wọ̀nyí ò ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n máa lọ. Ìyẹn ni wọ́n fi ń tú àpò. O ò pàtẹ fún wọn.”

Ìdí àtẹ yẹn ni mo dàgbà sí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Báfù kéékèèké ló máa ń wà níwájú, nǹkan kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kó o jọ kó ga ṣóńṣó, wọ́n á fi kọ́ńgò lé e lórí. Gàrí Ìjẹ̀bú ò gbọdọ̀ bá èyí tó ní epo pàdé. Àpò ńlá wà lẹ́yìn wọn níbi tí oníbàárà ò ti ní rí i. Bí ti iwájú bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n á máa bù kún un. Ẹni tó dúró lójú títì, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló máa fi mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ibi tó wà. Kò sẹ́ni tó máa ní láti ki ọwọ́ bọ nǹkan. Láti kékeré ni mo ti mọ gbogbo èyí, mo sì fi í sílẹ̀ lọ́jà, n kò mú un wọ ilé ara mi.

A wá táyà náà títí, a ò rí i.

Ohun tó wà nínú àpò

Ọjọ́ náà la tú gbogbo ẹrù, tòun ti àpò orí wọ́ọ̀dùróòbù. Àwọn ọmọ ló ń kà á, Kẹ́hìndé ló ń fà á sí ìwé. Láìka búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn, nǹkan 93 ló wà níbẹ̀. Èmi tí mo máa ń sọ pé kò sówó! Òmíràn jẹ́ òkìrìkà tí mo ṣà lórí tápólì lẹ́bàá títì, òmíràn wá látinú ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ, òmíràn sì ni àbúrò ọkọ mi rà wá nígbà ọdún. Ó lé ní 30 nínú wọn tí kì í ṣe nǹkan kan mọ́ ju àfọ́kù lọ. A ti ń kó àfọ́kù pamọ́ pọ̀ mọ́ odidi, tá a sì ń retí pé kí ọmọ fi ṣeré.

Nínú àwọn tó bà jẹ́ ni mo ti rí ohun tó dẹ́rù bà mí. Fóònù ìṣeré kan ni, ìdérí ibi tí bátìrì ń gbé ti já. Bátìrì pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, méjì ni mo bá. A ò jókòó mọ́, a ò sọ̀rọ̀ mọ́, títí a fi rí ẹ̀kẹta lábẹ́ tìmùtìmù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré nílé, ẹ má fojú kékeré wo irú bátìrì yìí. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí méjì péré ó lè jó ẹran ibẹ̀ gidigidi. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má retí pé ó máa bá ìgbẹ́ jáde. Láti ọjọ́ náà, ohun ìṣeré tí kò bá ní ìṣó síkúrúù tó ti ibi bátìrì rẹ̀ pa kì í wọ ilé mi mọ́.

Ìyẹn ló tún jẹ́ kí n ya ti Ìdòwú sọ́tọ̀. Ohun tí mo fi ń wọ̀n ọ́n rọrùn: páálí róbótó tó máa ń kù nínú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohunkóhun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá ti kéré jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó lè há a lọ́fun.

Búlọ́ọ̀kù ò yọ mí lẹ́nu rárá. Ilé-iṣẹ́ Lego ní Dẹ́nímáàkì ló gba ìwé àṣẹ lórí irú búlọ́ọ̀kù tó ń di ara wọn mú yìí ní 1958, èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà ṣì ń wọ inú ti òde òní. Àwòkọ ni tiwa, ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni wọ́n ní: bí ọ̀kan bá sọnù, ìyókù ṣì ń kọ́lé. Nítorí náà, inú rọ́bà pẹ́ńtì kan ni gbogbo wọn ń gbé. Àwòrán tí wọ́n gé kélekèle fún ọmọ láti tò pọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹyọ kan bá ti lè sọnù níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti kú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rá onísíìpù tirẹ̀, kò gbọdọ̀ bá èkejì pàdé. Gàrí Ìjẹ̀bú àti gàrí olépo náà ni.

Ìyá mi ní kí n má ṣe pàtẹ ju méjìlá lọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n kó ìyókù sẹ́yìn. Ó dà bíi pé ó kéré jù lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2018. Ọmọ 36 ni wọ́n lò, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 18 sí 30. Wọ́n fún wọn ní ohun ìṣeré 4 nígbà kan, wọ́n fún wọn ní 16 nígbà mìíràn. Ìgbà tó jẹ́ 4 ni àwọn ọmọ náà pẹ́ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi nǹkan kan ṣoṣo dá oríṣiríṣi eré. Ẹni tó ń pàtẹ ẹ̀wà ti mọ̀ pé ojú tó rí nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í mú ọ̀kan.

Ní báyìí, ní ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, a máa ń sọ ọjà jáde. Èyí tó ti pẹ́ níwájú á wọ àpò lọ, ti inú àpò á bọ́ síta. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pàdé ìlù tí wọn ò fọwọ́ kàn fún oṣù kan, bí ẹni pé ará ilé ló ti ìrìnàjò dé.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ

Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ló kan pẹpẹ náà, onípele mẹ́ta. Èyí tó wà nísàlẹ̀ bá orúnkún Ìdòwú dọ́gba, tòkè ò ga ju àyà àwọn ìbejì lọ. Mo ní kó fi ìṣó síkúrúù dè é mọ́ ògiri dáadáa, torí ọmọ tó rí pẹpẹ máa gùn ún, pẹpẹ tó bá wó lu ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Rọ́bà pẹ́ńtì tí kò ní ìdérí ló wà lórí rẹ̀, àwòrán ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan la lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, kí Ìdòwú tí kò mọ̀wé lè kà á. Ohun wẹ́wẹ́ ti àwọn ìbejì wà lókè pátápátá.

Gbogbo wa la mọ òwe náà: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. A máa ń pa á láti fi sọ pé ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà nílò ọmọdé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró ti kápẹ́ńtà náà tó ń wọn igi, ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn: ta ló gbé pẹpẹ sókè? Àwa ni. A gbé e síbi tí ọwọ́ tiwa tó, a wá ń sọ fún ọmọ pé kó dá nǹkan padà sáyè rẹ̀. Àyè wo? Ibi tí ọmọ ò ti lè mú nǹkan, kò lè dá a padà síbẹ̀. Àwa la máa bá a mú un, àwa la máa bá a dá a padà, a ó sì tún máa sọ pé kò mọ nǹkan í tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ Dókítà Maria Montessori, ará Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà ìkọ́ni Montessori, wá yé mi ju bí mo ṣe kà á tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907 ló ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé tó pè ní Ilé Àwọn Ọmọ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn òtòṣì ní ìlú Róòmù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tì ní kọ́kọ́rọ́ ni olùkọ́ ń kó ohun èlò sí, òun ló ń pín in, òun ló ń gbà á padà. Ní ọjọ́ kan ó gbàgbé láti tì í, ó sì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó máa dé, àwọn ọmọ ti ṣí i, kálukú ti ń mú ohun tó wù ú. Olùkọ́ náà pè é ní olè. Montessori ní rárá, wọ́n ti mọ nǹkan wọ̀nyí débi tí wọ́n fi lè yàn fúnra wọn ni. Láti ìgbà náà ló ti fi kọ́bọ́ọ̀dù tó rẹlẹ̀ rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ yẹn ní olè ni. Èmi ní agídí ni.

Ìdérí mẹ́tàdínlógún

Ó ku ohun kan tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé náà tó ṣì ń dùn mí. Nígbà tá à ń ṣa ẹrù, mo rí agolo mílíìkì kan tí ìdérí ìgò mínírà kún inú rẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n dànù sínú ike ìdọ̀tí. Kẹ́hìndé ò ké. Ó kàn dúró síbẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń wo ẹnu ike náà. Ìyá mi ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n ṣà á padà. Mo ṣà á, mo fọ̀ ọ́. Mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti ń fi wọ́n ta ọjà, àwọn ni owó rẹ̀, àwọn ni abọ́ rẹ̀, àwọn ni ọmọ kíláàsì tó ń kọ́ níwèé.

Èmi tí mo ṣe èyí, irú wọn náà ni mo fi dàgbà ní Ìkòròdú yìí. Òkòtó tá a máa ń ta lórí sìmẹ́ńtì títí yóò fi dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi fi agolo mílíìkì kàn, tó fi sálúbàtà tó ti já gé táyà rẹ̀. Ihò kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa tí a ń kó wọn pamọ́ sí, torí a mọ̀ pé bí àgbàlagbà bá rí wọn, ìdọ̀tí ni yóò pè wọ́n. Wọ́n kì í fọ́n káàkiri. A mọ iye wọn, a mọ ibi tí a ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Ẹlòmíràn fi agolo ya ara nígbà náà, àpá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe èmi tí mo sanwó lọ́jà ni mo máa sọ ohun tó jẹ́ ohun ìṣeré àti ohun tó jẹ́ ìdọ̀tí. Agolo Kẹ́hìndé ní àyè tirẹ̀ lórí pẹpẹ, àwòrán ìdérí kan sì wà níwájú rẹ̀.

Pálọ̀ àlejò

Bàbá Ìbejì ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Ó ní kí n gbé pẹpẹ náà sí kọ́rídọ̀, pé kí ni àwọn àlejò máa sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ilé tí wọ́n ti ń pa pálọ̀ mọ́ de àlejò ni àwa méjèèjì ti jáde: kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí abọ́ inú rẹ̀ kì í kan ọbẹ̀, àga tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀. Mo wá ní ká jọ ka iye ìgbà tí àlejò wá lóṣù tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ojoojúmọ́ ni àwọn mẹ́ta yìí ń gbé inú pálọ̀ náà.

Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Nígbà tiwa, àgbàlá wà. Eré bojúbojú máa ń gba ilé mẹ́rin já, ìyá ẹnìkan ṣáà máa wà tó ń wo gbogbo wa láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lónìí, sìmẹ́ńtì ni àgbàlá wa, mọ́tò onílé àti jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀, géètì wà ní títì, ọ̀kadà sì ń fò kọjá níta. Àwa òbí ń jí lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa la kó àwọn ọmọ kúrò lóde wá sínú ilé, a wá ń bínú pé eré bá wọn wọlé. Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nìyẹn. Kò dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a tó ń sún àga oníjókòó méjì kúrò lára ògiri kí pẹpẹ lè ráyè.

Ilẹ̀ ṣì máa ń dọ̀tí. Bí wọ́n bá ń ṣeré lọ́wọ́, ó kún dẹ́nu, n kì í sì bá wọn sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí àsìkò bá tó, orin ni Kẹ́hìndé máa ń dá, wọ́n á máa gbé e, nǹkan á sì máa wọ ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ mìíràn wọn ò parí rẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ìyá mi ti ṣe, mo sì máa ń béèrè.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́sàn-án kí n tó wọlé, iná kò sí, wọ́n ti sùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi, mo rìn kọjá pálọ̀ dé ìdí pẹpẹ, ẹsẹ̀ mi ò kan nǹkan. Mọ́tò Táyé wà ní àyè rẹ̀ lórí ìpele kejì. Mo gbé e, mo yí i wò. Táyà mẹ́ta, ìdérí ìgò mínírà kan níbi tí ẹ̀kẹrin yẹ kó wà, wọ́n fi ìkó bírò dè é mọ́ ọn. Mo gbé agolo Kẹ́hìndé sọ̀ kalẹ̀, mo da inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo kà á. Mẹ́rìndínlógún.